Ṣé O Mọ̀ Pé Ọ̀rọ̀ Táyà Ló Bí Ẹ̀wù Ayẹta?

Ṣé o mọ̀ pé nítorí táyà mọ́tò ni wọ́n ṣe rí Kevlar, òwú tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù ayẹta fáwọn ọlọ́pàá? Nílé-iṣẹ́ DuPont ní Wilmington, Amẹ́ríkà, àyà wọn ń já pé epo bẹntiróòlù fẹ́ẹ́ wọ́n. Ni Stephanie Kwolek bá ń wá òwú tó le, tó sì fúyẹ́, tí yóò gba ipò wáyà irin inú táyà, kí mọ́tò má baà máa mu epo jù.

Lọ́dún 1965, kẹ́míkà tó pò kò rí bó ṣe yẹ. Dípò kó ki, kó sì mọ́ gaara, ńṣe ló ń ṣàn bí omidùn orí ògì. Ẹlòmíì ì bá ti dà á nù. Ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìrànwú kọ̀ jálẹ̀, ó ní yóò dí ihò wẹ́wẹ́ ẹ̀rọ òun. Kwolek ò yé bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Òwú tó jáde le débi pé obìnrin náà kò tètè sọ fáwọn ọ̀gá. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ tún un dán wò léraléra. Tí ìwọ̀n òwú yìí àti ti irin bá dọ́gba, òwú náà lágbára ju irin lọ ní ìlọ́po márùn-ún.

Ṣé o mọ̀ pé àlùfáà Kátólíìkì kan, Casimir Zeglen, ti fi sílíìkì, ẹbí sányán, ṣe ẹ̀wù ayẹta ní Chicago kí 1900 tó dé?

Dyneema, òwú ayẹta mìíràn tí wọ́n ṣe ní Nẹ́dálándì ńkọ́? Ẹbí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni! Ó ń léfòó lórí omi, àmọ́ ní nǹkan bí 150°C, ó ti yọ́.

Ẹ̀wù ayẹta kì í ta ọta padà o. Ìpele-ìpele òwú ló ń gbá a mú títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣì lè fi egungun ìhà ṣèṣe. Kì í sì í ṣe òkígbẹ́: ṣóńṣó ọ̀bẹ lè gba àárín òwú kọjá. Oòrùn pàápàá ń ba Kevlar jẹ́. Ọta AK-47 yóò la ẹ̀wù rírọ̀ kọjá, àfi tí wọ́n bá ki pátákó seramíìkì sí i. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá fẹ́ ta ayẹta fún ọ, bi í léèrè: ọta irú ìbọn wo?