Afẹ́fẹ́ Àhámọ́ nínú Omi Ẹ́ńjìnnì: Ohun tí Ó Ń Fà Á àti Ọ̀nà tí A Fi Ń Lé E Jáde

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni ọ̀ràn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí omi kún inú rédíétọ̀ rẹ̀ dé ẹnu, síbẹ̀ tí ó gbóná títí ó fi bàjẹ́. Ọ̀ràn yìí a máa ya ọ̀pọ̀ awakọ̀ lẹ́nu, nítorí ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé àìsí omi ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Omi inú rédíétọ̀ kò wúlò bí kò bá lè yí dé ibi tí iná ti ń jó, afẹ́fẹ́ tí ó há sójú ọ̀nà rẹ̀ sì lè dá a dúró. Ẹ́à-lọ́ọ̀kì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Afẹ́fẹ́ àhámọ́ ni orúkọ tí iṣẹ́ yìí yóò máa lò fún un.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi akèrègbè pọnmi lódò rí ti mọ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá da ẹnu akèrègbè délẹ̀ tí ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi, omi kò ní kún inú rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ti gba ibẹ̀, kò sì rí ọ̀nà jáde. Ìgbà tí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yóò máa jáde, tí omi yóò máa wọlé, tí akèrègbè yóò sì máa dún gbulu-gbulu. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ ju omi lọ, òkè ni ó máa ń wá; bí òkè kò bá sì ní ihò, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ẹ́ńjìnnì tí ń lo omi. Pọ́ǹpù a máa ti omi yí àwọn sílíńdà ká; omi náà a gba orí ẹ́ńjìnnì kọjá, a gba họ́ọ̀sì òkè bọ́ sínú rédíétọ̀, a tutù níbẹ̀, a sì padà gba ìsàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìdí họ́ọ̀sì òkè ni tẹmọsítáàtì wà, ìlẹ̀kùn kékeré tí kì í ṣí títí omi yóò fi gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí a bá da omi tuntun sí i lẹ́yìn tí a tú họ́ọ̀sì tàbí pọ́ǹpù, títì ni ìlẹ̀kùn yìí ṣì wà, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ a sì há. Ìdí nìyí tí a fi ń lu ihò bíńtín sára ọ̀pọ̀ tẹmọsítáàtì. Òkè ni ihò náà gbọ́dọ̀ wà nígbà tí a bá ń dè é. Mẹkáníìkì tí ó bá dà á sísàlẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ dí ọ̀nà àbájáde.

Ooru tí omi lè gbà fi ìlọ́po tí ó lé ní 3,000 ju èyí tí afẹ́fẹ́ tí ó gba àyè kan náà lè gbà lọ. Nítorí náà, ibi tí afẹ́fẹ́ bá jókòó sí nínú orí ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ni irin yóò ti gbóná rékọjá, tí yóò wọ́, tí gásíkẹ́ẹ̀tì yóò sì jó. Èyí tí ó burú jù ni pé géèjì lè purọ́. Omi ni a ṣe ohun tí ń wọn ooru láti máa bá pàdé. Bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni ó yí i ká, abẹ́rẹ́ géèjì lè wà nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná. (Volkswagen tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, bọ́ nínú gbogbo èyí, nítorí pé kò ní rédíétọ̀ rárá, atẹ́gùn ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára.)

Lílé afẹ́fẹ́ náà jáde kò le, sùúrù ni ó gbà. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù pátápátá. Ìdérí rédíétọ̀ ni ó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ tí kì í fi í hó ní ìwọ̀n 100. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ó lè gbóná tó nǹkan bí 120 láìhó. Ẹni tí ó bá ṣí i lójijì, omi náà yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú sí i lójú. Lẹ́yìn èyí, kí a gbé iwájú ọkọ̀ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹnu rédíétọ̀ lè ga ju ibi yòókù lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa da omi sí i. Bí bóòtì ìtúfẹ́fẹ́ bá wà nítòsí tẹmọsítáàtì, kí a tú u díẹ̀ títí omi tí kò ní ìhó yóò fi máa jáde níbẹ̀, kí a tó dè é padà. Ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ móoru, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó nílò rẹ̀ ní Ìbàdàn, kí a ṣí i sí ibi tí ó gbóná jù, nítorí pé omi kan náà ni ó ń gba inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì máa fara pamọ́ síbẹ̀. Kí a wá tan iná sí ẹ́ńjìnnì láìde ìdérí, kí a máa fọwọ́ fún họ́ọ̀sì òkè. Bí tẹmọsítáàtì bá ṣí, omi yóò lọ sílẹ̀ lójijì, ìhó yóò sì yọ. Kí a tún bu omi kún un. Ìgbà tí họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá gbóná, tí ìhó sì dáwọ́ dúró, ni a tó lè dé e. Ó tún yẹ kí a yẹ omi náà wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Àwọn kan kì í fẹ́ ṣe wàhálà yìí. Wọn a yọ tẹmọsítáàtì dànù, wọn a ní ilẹ̀ Nàìjíríà gbóná tó. Afẹ́fẹ́ yóò rí ọ̀nà jáde ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì yóò pẹ́ kí ó tó dé ìwọ̀n ooru tí ó yẹ ẹ́, yóò máa mu epo jù, yóò sì máa jẹ ara rẹ̀. Àṣà náà kò dára.

Bí ìhó kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn gbogbo èyí, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ìta ni ó ń jáde mọ́. Ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó, kí èéfín inú sílíńdà sì máa gba ibẹ̀ wọnú omi. Irú èyí kò lè tán bí a tilẹ̀ ń lé e di alẹ́. Orí ẹ́ńjìnnì ni a ó tú.