Ráàmù fún Kọ̀ǹpútà Àtijọ́: Ohun Tó Yẹ Kí Ilé Mọ̀ Kó Tó Náwó

 

Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Computer Village, n'Ìkẹjà, kò tíì gbó. Ráàmù wọn, ìyẹn ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ló kéré. Ẹ̀rọ tó ń wọ́ bí ìgbín lórí 4GB, ara rẹ̀ á yá bó bá di 8GB, olówó rẹ̀ sì lè má nílò òmíràn.

Ìran ráàmù ni kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀, torí ìran kan kì í wọ ihò èkejì. DDR2 jáde ní 2003, fóòtì 1.8 ló ń lò. DDR3 dé ní 2007 pẹ̀lú fóòtì 1.5, àbúrò rẹ̀, DDR3L, ń lo 1.35. DDR4 tẹ̀lé e ní 2014, fóòtì 1.2. Eyín irin tó wà lẹ́nu DDR3 ti kọ̀ǹpútà alágbèéká jẹ́ 204, ti DDR4 jẹ́ 260. Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì jẹ́ 240 àti 288. Ẹ̀rọ tó ń lo DDR3 sábà máa ń gba DDR3L, àmọ́ èyí tó fẹ́ DDR3L kì í fẹ́ DDR3.

ThinkPad X230 ní ihò méjì, ó gba 16GB. HP EliteBook 840 G1 náà gba 16GB, DDR3L ni tirẹ̀. ThinkPad T440s ní 4GB tí wọ́n jó mọ́ inú rẹ̀ àti ihò kan ṣoṣo, nítorí náà 12GB ló mọ.

MacBook Air kò ní ihò rárá.

Bí Windows inú ẹ̀rọ bá jẹ́ ti 32-bit, kò ní lè lo ju 4GB lọ. Ìnáwó kọjá ibẹ̀, òfò ni.

Ráàmù àlòkù ò burú. Kò ní ohun tó ń yí nínú tó lè tètè jẹ, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Kí ẹni tó ń tà á kì í bọ ẹ̀rọ lójú olówó, kó tàn án, kí wọ́n jọ wo iye GB tí ẹ̀rọ kọ.

Ẹni tó bá fẹ́ kì í fúnra rẹ̀, kó pa ẹ̀rọ, kó yọ bátìrì, kó fọwọ́ kan irin. Nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, apá irin kéékèèké méjì ló di ráàmù mú. Bí àtàǹpàkò bá tì wọ́n síta pọ̀, ráàmù á gbórí sókè. Ìdagẹ̀rẹ̀ ni tuntun ń gbà wọlé, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ kó dún kó. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, kí wọ́n pa á, kí wọ́n yọ ráàmù, kí wọ́n fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa léèdì rẹ́ rọra nu eyín aláwọ̀ wúrà náà, kí wọ́n tún un kì.

Ẹ tọ́jú ráàmù tí ẹ bá yọ. Bí tuntun bá dáṣẹ́ sílẹ̀, òun lẹ ó fi dán ẹ̀rọ wò.