Ṣé o mọ̀? Ẹnu Adélabù ni "pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì" ti wá

Adégòkè Adélabù, òṣèlú Ìbàdàn tí wọ́n bí ní 1915, a máa fi Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá dárà. Lọ́jọ́ kan, ó pe ọ̀rọ̀ kan tó dojú rú ní "peculiar mess".

Àwọn tí kò gbọ́ èdè òyìnbó fi ahọ́n Yorùbá tún un pè: pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì! Ó di ìnagijẹ Adélabù, ó sì di orúkọ fún wàhálà tó ta kókó.

Ní 1954, ó di alága ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn, èyí tó ń jókòó ní Gbọ̀ngàn Mápó nígbà náà. Ìjàm̀bá ọkọ̀ ló pa á ní oṣù Kẹta 1958.

Ọ̀rọ̀ pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì wà nínú àkọlé ìwé tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1994.