Alùpùpù Tí Ó Dákú Lójú Ọ̀nà

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán títí dé Èsìẹ́, alùpùpù ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òun ni ó ń gbé àgbẹ̀ dé oko tí ọkọ̀ ńlá kò lè dé. Òun ni ó ń ru iṣu àti gbágùúdá wá sí ọjà. Òun náà ni a sì máa ń sáré wá bí aboyún bá ń rọbí lóru ní abúlé tí kò ní ilé ìwòsàn. Púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù wọ̀nyí kì í ṣe tuntun. Ẹlòmíràn ti gùn wọ́n fún ọdún pípẹ́ kí ẹni tí ó ni wọ́n nísinsìnyí tó rà wọ́n. Nítorí náà kì í ṣe ohun ìyanu bí irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ bá dákú lójú ọ̀nà. Ohun tí ó ṣòro ni láti mọ ohun tí ó mú un dákú.

Kí a fi àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ń ru iṣu láti ẹ̀bá Èsìẹ́ lọ sí Òmù-Àrán ní àkókò ọyẹ́. Alùpùpù rẹ̀ jí wẹ́rẹ́ ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ibùsọ̀ díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ó sì kú. Ó sinmi díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ta á, ó tún jí. Nígbà tí ó tún rìn díẹ̀, ó tún kú. Ẹnì kan ní kí ó pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kọ́ìlì ni. Ó ra kọ́ìlì. Ẹnì kẹta dá bátìrì lẹ́bi. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ sì bá bátìrì lọ. Síbẹ̀ àìsàn náà kò san. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn kí ó tó mọ àìsàn, àpò rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kú.

Láti ọdún 1885 tí Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ti gbé ẹ̀rọ alepo sórí kẹ̀kẹ́ onígi ní ilẹ̀ Jámánì, ohun mẹ́ta ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń béèrè. Èkíní ni epo tí ó pò mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n. Èkejì ni ìfúnpọ̀, èyí tí písítìnì fi ń fún epo àti afẹ́fẹ́ náà mọ́ra nínú sílíńdà. Ẹ̀kẹta ni iná tí yóò ràn wọ́n ní àkókò tí ó yẹ. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yẹ̀, ẹ̀rọ kò ní jí. Iṣẹ́ olùwádìí ni láti mọ èwo ni ó yẹ̀ kí ó tó náwó rárá.

Pulọ́ọ̀gì ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Ní kété tí ẹ̀rọ bá kú ni ó yẹ kí a tú u, kí a fi aṣọ dì í mú nítorí ooru rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá tutù fún epo, epo ti dé, iná ni kò sí. Bí ó bá gbẹ, epo ni kò dé. Láti rí iná, a ó dá pulọ́ọ̀gì padà sínú fìlà rọ́bà rẹ̀, a ó fi irin ara rẹ̀ kan irin ẹ̀rọ níbi tí ó jìnnà sí ihò tí a ti tú u, a ó sì fi ẹsẹ̀ ta ẹ̀rọ. Iná aláwọ̀ búlúù tí ó ń ta ṣáṣá ni ó dára. A kò gbọdọ̀ dán èyí wò níbi tí epo bá ti dà sílẹ̀. Kọ́ìlì tí ó ti gbó a máa kú bí ó bá gbóná, a sì máa jí bí ó bá tutù, gẹ́gẹ́ bí alùpùpù àgbẹ̀ yìí ti ń ṣe. Ìdí nìyí tí ìdánwò tí a sún di ọ̀la fi lè tan ènìyàn jẹ.

Ká ní àgbẹ̀ náà yẹ pulọ́ọ̀gì rẹ̀ wò ní ojú ọ̀nà ni, ìbá rí i pé ó gbẹ. Kọ́ìlì kò jẹ̀bi. Ọ̀nà epo ni ó yẹ kí a tẹ̀lé, láti táǹkì dé kọ́kì, láti kọ́kì dé rọ́bà epo, títí dé kábúrétọ̀. Orí ìdérí táǹkì ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ti ń jáde. Erùpẹ̀ ọyẹ́ ti dí i. Ẹni tí ó bá ti da omi láti inú kèrègbè ẹlẹ́nu tóóró rí mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè wọlé, omi kò ní ṣàn geere. Nígbà tí alùpùpù bá sinmi, afẹ́fẹ́ díẹ̀ a yọ́ wọlé, epo a sì tún ṣàn fún ìgbà díẹ̀. Bí a bá ṣí ìdérí náà tí ẹ̀rọ sì jí lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Abẹ́rẹ́ kan ni oògùn rẹ̀.

Bí epo àti iná bá pé, a ó fi àtàǹpàkò dí ihò pulọ́ọ̀gì, kí ẹlòmíràn fi ẹsẹ̀ ta ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ gbọdọ̀ ti àtàǹpàkò náà kúrò pẹ̀lú agbára. Bí kò bá lè tì í, inú ẹ̀rọ ti jẹ. Ìgbà yìí ni ó tó kan mẹkáníìkì láti tú u.

Ní ti bátìrì, a máa ń dá a lẹ́bi láìṣẹ̀. Ní ọdún 1831 ni Michael Faraday fi hàn pé bí mágínẹ́ẹ̀tì bá ń rìn lẹ́bàá wáyà tí a wé, iná a jáde. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, ọ̀nà yìí ni iná pulọ́ọ̀gì ń gbà wá láìfi ti bátìrì ṣe. Bátìrì oní-12 fóòtì tí ó kún a máa fi nǹkan bí 12.6 hàn, bí ẹ̀rọ bá ń sáré, ó yẹ kí ó gòkè tó 13.5 sí 14.5. Bí kò bá gòkè, ohun tí ń bọ́ bátìrì ni ó ń ṣàìsàn. Bí iná iwájú bá ṣókùnkùn, kí a kọ́kọ́ ha ìpẹtà kúrò níbi tí wáyà ti kan irin. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi wáyà lásán rọ́pò fíúùsì, nítorí ilé iná ni ó ń kọ́ sábẹ́ ìjókòó ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ó kú lè mú kí ènìyàn pẹ́ lọ́nà. Bíréèkì tí ó kú lè mú kí ó má dé mọ́. Nítorí náà kí a yẹ bíréèkì àti ṣéènì wò ní òwúrọ̀ kí a tó di ẹrù. Igi gańgan má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Àwọn àgbà Ìgbómìnà a máa pìtàn pé láti ara Ògbó, àdá tí ó mọ ọ̀nà, ni orúkọ ilẹ̀ wọn ti wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tí ó ni alùpùpù ògbólógbòó: ìmọ̀ ọ̀nà ni yóò gbà á, kì í ṣe ọ̀pọ̀ owó. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.