Iṣẹ́ Tí A Kò Parí: Òǹkọ̀wé àti Ìfònídónìí-Fọ̀ladọ́la

Bí àgbẹ̀ bá ń fònídónìí, tí ó ń fọ̀ladọ́la, ọ̀lẹ ni a ó pè é. Ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní eré-onítàn lọ́wọ́ tí kò parí rẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ mìíràn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìtìjú ni ó ń sá fún. Níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ náà bá ṣì wà nínú ọkàn, kò ní àbùkù. Orí ìwé ni àbùkù rẹ̀ yóò ti hàn.

Ọ̀nà tí oníkálukú ń gbà bá ìwà yìí jà yàtọ̀. Anthony Trollope, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tún jẹ́ òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, a máa gbé aago síwájú ara rẹ̀ ní kùtùkùtù, a sì máa béèrè 250 ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan. Ìtàn àròsọ 47 ni ó kọ. (Àwọn lámèyítọ́ kan fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, bí ẹni pé aago a máa ba iṣẹ́ ọnà jẹ́.) Ní ti D. O. Fágúnwà, ọjọ́ tí ẹlòmíràn dá ni: nítorí ìdíje ìwé kíkọ ní 1936 ni ó fi kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1938.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni ti Samuel Johnson, àlùfáà ìlú Ọ̀yọ́. Ní 1897 ni ó parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá. Ìwé àfọwọ́kọ tí a fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé ní Ìlú Ọba sọnù; Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tí ó tún ìwé náà kọ. Òun náà kú ní 1920. 1921 ni ìwé jáde. Ká ní inú orí ni Johnson kó o pamọ́ sí títí di ọjọ́ tí yóò gún régé, kí ni àbúrò rẹ̀ ìbá rí tún kọ?

Èmi alára bẹ̀rẹ̀ eré-onítàn kan ní ọdún 19 sẹ́yìn. Mo kọ ìran mẹ́ta. Ìyókù wà nínú orí mi. Bàbá ọdẹ kan ní abúlé wa ṣèlérí láti bá mi yẹ ìjálá inú rẹ̀ wò. Bí mo bá lọ kí wọn, wọn a ní, "Ọmọ mi, ìwé ọ̀hún ńkọ́?" Èmi a ní, "Ó kù díẹ̀, Bàbá." Ní èṣí, Bàbá papòdà.

Láti ìgbà náà, mo ń kọ ojú ewé kan ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ajé, bí ó ti wù kí ó burú tó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń gbé e fún ẹlẹgbẹ́ mi kan kí n tó ráyè tún un wò. Ìran karùn-ún ni mo wà báyìí. Mo fi àyè ìjálá sílẹ̀ lófìfo.