Eṣinṣin Tí Ń Pa Màlúù

Ọkùnrin kan wà nínú kíláàsì àgbà wa ní Òkè-Ògùn tó fi owó èsúsú ra màlúù funfun méjì lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọ̀kan fi kú. Ó ń jẹ koríko, síbẹ̀ egungun ìhà rẹ̀ yọ síta. Ọkùnrin yìí ní àbúrò òun ló fún un ní májèlé jẹ. Àwọn méjèèjì kò kí ara wọn mọ́. Nígbà tí èkejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù, a bẹ̀ ẹ́ kó pe dókítà ẹran. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ létí màlúù náà, ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Kòkòrò ló kún inú rẹ̀, wọ́n ń yí bírí.

Trypanosome ni orúkọ kòkòrò náà. Àìsàn tí ó ń fà ni wọ́n ń pè ní nagana, ọ̀rọ̀ èdè Súlù ni. Ní nǹkan bí ọdún 1895 ni David Bruce, dókítà ọmọ ogun, rí i nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù ní ilẹ̀ àwọn Súlù. Ìbátan rẹ̀ ló ń fa sùnrunsùnrun lára ènìyàn. Eṣinṣin tsetse ló ń gbé e kiri. Akọ mu ẹ̀jẹ̀, abo mu ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá bà, ìyẹ́ rẹ̀ kan á gorí èkejì bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Kì í ṣe eṣinṣin ìdí àwo ọbẹ̀ o!

Níbo ni eṣinṣin ti rí kòkòrò yìí? Lára ẹran igbó ni: ìgalà, ẹfọ̀n, ìmàdò. Kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà ṣàìsàn, nítorí wọ́n ti ń bá a gbé láti ayébáyé. Màlúù kúkúrú tí kò ní iké, èyí tí wọ́n ń pè ní Muturu, náà lè fara dà á. Màlúù oníké kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹṣin ńkọ́? Òun ló tilẹ̀ burú jù. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ Ilé ń ra ẹṣin láti òkè Ọya, bí wọ́n bá sì mú un wọ igbó kìjikìji, kì í pẹ́ kú.

Ẹ lè béèrè pé, kí ló dé tí ara màlúù kò lè pa kòkòrò yìí? Ara ń gbìyànjú. Ẹ jẹ́ ká sọ pé kòkòrò náà wọ aṣọ kan. Ara á dá aṣọ náà mọ̀, á sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ibà á lọ, ẹran á tún máa jẹun, inú olówó rẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ ti pààrọ̀ aṣọ. Ara kò dá wọn mọ̀ mọ́, wọ́n á bí sí i, ibà á tún padà. Báyìí ni títí ẹ̀jẹ̀ á fi tán lára ẹran. Ìdí nìyẹn tí kò fi tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Àwa náà ti yin àgbo kan rí, kó tó yé wa pé aṣọ ni kòkòrò ń pààrọ̀!

Ẹ ṣí ìpéǹpéjú ẹran wò: bí inú rẹ̀ bá funfun dípò pupa, ẹ fura. Wàrà á gbẹ, abo á ṣẹ́ oyún. Oògùn tí ń jẹ́ diminazene ti wà láti 1955. Dókítà gbọ́dọ̀ mọ bí ẹran ti wúwo tó kó tó gún un. Ẹni tó bá pín oògùn ẹran kan fún mẹ́ta, kòkòrò ló ń kọ́ bí yóò ṣe borí oògùn. Aṣọ búlúù àti dúdú tí a fi oògùn apakòkòrò sí tún ń fa eṣinṣin náà mọ́ra, á sì pa á.

Màlúù kejì gba abẹ́rẹ́, ó sì yè. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ọkùnrin náà gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ. Àbúrò ti lọ sóko. Ó jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dúró dè é.