"Ìyàwó, Mú Méjì": Eré Whot Nínú Ilé Wa ní Ìfọ́n

 Eré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, eré tí kò ní láárí rárá, tí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ọgbọ́n inú rẹ̀ lọ. Whot ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti ta á rí nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, tí ẹ sì ti pa á tì láti ìgbà tí ẹ ti wọ ilé ọkọ, bí ẹni pé ìyàwó tí ó bá jókòó sórí ẹní tí ó ń ta káàdì ti di ọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ti ń rò tẹ́lẹ̀. Ọdún 2025 ni ó yí mi lérò padà.

Ọmọ Ìlobùú ni mí. Ilé ọkọ mi wà ní Ìfọ́n. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè wa ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ̀ pé ìlú méjèèjì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn débi pé àlejò kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Olúfọ́n ni ọba wa níhìn-ín, Ọlọ́bùú ni ọba wọn lọ́hùn-ún. Ìfọ́n ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Orólú; Ìlobùú ni ti Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, orúkọ tí ó dùn ún pè ju bí a ti ń lò ó lọ. A ń fẹ́ ọmọ ara wa, a sì ń ná ọjà ara wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ kò tíì tán láàárín wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ó tún bẹ́ sílẹ̀: ẹ̀mí ṣòfò, iná jó ilé, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde kónílé-ó-gbélé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ti rí ní ọjọ́ kẹrin. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Àwọn ọmọ kò lè lọ sí ilé ìwé, èmi kò lè lọ sí ìsọ̀ mi. Ọkọ mi gbé rédíò sétí, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń bá wa gbé, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọn kò bú mi, wọn kò sì bá mi jà. Wọ́n kàn dákẹ́ ni. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á mi orí. Bí wọ́n bá ń fẹ́ omi, ọmọ ni wọ́n ń rán sí mi. Ilé ìbátan wọn kan wà lára àwọn èyí tí iná jó. Ilé ìbátan tèmi kan náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bi mí? Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ọkọ yóò mọ̀ pé irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ wúwo ju èébú lọ.

Ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún méjìlá, ni ó lọ fa káàdì Whot yọ lábẹ́ ibùsùn. Àpò ọ̀rá ni ó kó o sí nítorí pé páálí rẹ̀ ti ya. Méjì ti sọnù nínú rẹ̀. Ó gé páálí ṣúgà, ó sì fi báírò ya àwòrán sí i lára. Bàbá rẹ̀ wò ó bí ẹni tí ó fẹ́ jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ohùn kan dún gbàà lójú títì lẹ́ẹ̀kan náà, àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún márùn-ún, sì bú sẹ́kún. Ni ọkọ mi bá pa rédíò. Ó ní, "Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀."

Àwọn kan rò pé àwa ni a dá Whot sílẹ̀, nítorí bí ó ti gbilẹ̀ tó ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Gẹ̀ẹ́sì kan, William Henry Storey, ni ó ṣe é ní ọdún 1935. Ó dàgbà ju UNO àwọn ará Amẹ́ríkà lọ dáadáa, nítorí pé ọdún 1971 ni Merle Robbins, onígbàjámọ̀ kan ní Ohio, tó gbé ìyẹn jáde. Ṣùgbọ́n àwa ni a fún Whot ní òfin tí a fi ń ta á níhìn-ín, àwa náà ni a sì fi ariwo kún un.

Káàdì 54 ni. Àwòrán márùn-ún ni ó wà lára wọn: róbótó, onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin, àgbélébùú àti ìràwọ̀. Nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó dé 14, ṣùgbọ́n kò sí 6, kò sì sí 9, nítorí náà ọmọ tí ó dorí káàdì kodò kò ní fi ọ̀kan pe èkejì. Márùn-ún mìíràn wà tí a kọ 20 sí. Àwọn ni ọba inú rẹ̀. Ẹ pín mẹ́rin-mẹ́rin fún olúkúlùkù, ẹ ṣí ẹyọ kan sílẹ̀, kí ẹ sì da ojú ìyókù bolẹ̀. Ìyẹn ni ọjà. Bí róbótó 7 bá wà nílẹ̀, róbótó mìíràn tàbí 7 mìíràn ni ẹ lè jù lé e. Ẹni tí kò bá ní, kí ó lọ ọjà. Ẹni tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ni ó borí.

Bí ó bá mọ bẹ́ẹ̀, oorun ni ìbá máa kun ènìyàn. Àwọn nọ́ńbà aláṣẹ ni ó mú un dùn. Ẹni tí ó bá ju 2 sílẹ̀ ti pàṣẹ fún ẹni tí ó tẹ̀ lé e pé kí ó mú méjì. Mẹ́ta ni ti 5. 8 fo ẹni tí ó kàn dá. 1 ní kí gbogbo wa dúró kí ẹni tí ó jù ú tún jù. 14 lé gbogbo ènìyàn lọ ọjà àfi ẹni tí ó jù ú. Ẹni tí ó bá ní 20 lè béèrè àwòrán tí ó bá wù ú. Bí ó bá sì ku ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ, o gbọ́dọ̀ kígbe rẹ̀ síta. Bí o bá gbàgbé, ọjà ni. Àwọn ọmọ a máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kígbe pick two àti general market. Nítorí ti Ìyá ni a fi sọ ọ́ di "mú méjì" àti "ẹ lọ ọjà".

Ayò ọlọ́pọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn méjì ni í ta ayò, ọ̀ta a sì máa pa òpè láti àárọ̀ dé alẹ́. Ní ti Whot, kò sí ọ̀ta tí òpè kò lè pa bí káàdì rere bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Omijé kò tíì gbẹ lójú àbíkẹ́yìn wa tí ó fi ju 2 sílẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ mú méjì!" Ọkọ mi wo ọmọ, ó wo káàdì, ó sì mú méjì. Àṣé 14 wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó tún kàn án, ó lé gbogbo wa lọ ọjà, ó sì fi ọwọ́ lu itan bí ọmọ ilé ìwé.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Ìyá ti sọ̀rọ̀. "Èwo ni kí ọmọ máa pàṣẹ fún bàbá rẹ̀?"

Ọmọbìnrin wa ni ó dá wọn lóhùn. "Ìyá, káàdì ni ó pàṣẹ, kì í ṣe ọmọ."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ọmọ yìí títí láti ọjọ́ náà. Nínú ilé, gbogbo àṣẹ ni ó ní ẹni tí ó ni ín, gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó sì ní ẹni tí ó tọ́ sí. Lórí ẹní Whot, àṣẹ bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí í bínú sí i nítorí pé kò mọ àgbà, kò mọ ọmọ, kò sì béèrè ìlú ẹni. Ìyá náà bi ọmọ pé báwo ni káàdì ṣe ń pàṣẹ. Kí ó tó ṣàlàyé tán, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹní, wọ́n sì jókòó sọ́wọ́ òkè mi.

Kò pẹ́ tí 20 fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́. A ní kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n bá fẹ́. Wọ́n wo káàdì wọn dáadáa, wọ́n sì fi ohùn gbọọrọ wí pé, "Àgbélébùú ni mo fẹ́!" Alhaja ni Ìyá, wọ́n ti dé Mẹ́kà. Ọkọ mi ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Nígbà tí Ìyá rí ohun tí àwọn fi ẹnu ara wọn béèrè, wọ́n pariwo orúkọ Ọlọ́run, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fi etí ìró nu ojú. Nígbà tí ó tún kàn wọ́n, wọ́n ju àgbélébùú 2 sílẹ̀, wọ́n sì yíjú sí mi.

"Ìyàwó, mú méjì."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ láti ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Mo mú méjì. N kò tíì fi irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ gba ìyà rí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dán an wò, ẹ fẹnu kò sí òfin kí ẹ tó pín káàdì, nítorí pé ilé kan kò jọ ilé kan. Níbòmíràn, ẹni tí a ní kí ó mú méjì lè fi 2 tirẹ̀ dáhùn. Níbòmíràn kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ìjà ńlá sì lè ti ibẹ̀ wá. Ẹ má ṣe fi owó sí i rárá, ìbáà ṣe kọ́bọ̀. Ẹ má sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọmọ borí. Yóò mọ̀, adùn rẹ̀ yóò sì lọ. Bí ọjà bá tán kí ẹnikẹ́ni tó borí, ẹ ka iye tí ó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ìràwọ̀ a máa di ìlọ́po méjì, ìràwọ̀ 7 di 14, ẹni tí tirẹ̀ bá sì pọ̀ jù ni yóò bọ́ sẹ́yìn. Ọmọbìnrin wa tí í sá fún ìṣirò ni akọ̀wé wa báyìí. Whot wà lórí fóònù pẹ̀lú, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè fi káàdì pamọ́ sábẹ́ ìró nínú fóònù, gẹ́gẹ́ bí Ìyá ti ṣe ní alẹ́ kejì tí àwọn ọmọ fi wá 20 tì.

Alẹ́ kejì yìí ni ìyá mi pè mí láti Ìlobùú. Láti ilé wa dé ilé wọn, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín, síbẹ̀ ohùn nìkan ni ó lè kọjá ní ọjọ́ wọnnì. Wọ́n gbọ́ ariwo.

"Ta ni ó ń rẹ́rìn-ín yẹn?"

"Ìyá ni, màámi. Whot ni a ń ta."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Bá mi kí wọn."

Mo jíṣẹ́ náà. Ìyá kò gbé ojú kúrò lára káàdì wọn.

"Sọ fún un pé mo kí i. Ṣé ilé wọn kò bàjẹ́? Kí ìwọ náà sì mú mẹ́ta rẹ, mo ti ju 5 tipẹ́."